Àwọn Tí Ń Ka Ẹja: Ọ̀rọ̀ Nípa Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Ẹja ní Ọsà Èkó

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí béèrè ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, tí a sì dá wọn lóhùn pé ẹja ni, àwọn kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá, ohun tí ó fà á ni a óò sì kọ́kọ́ sọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, baba kan nínú ìjọ tí a ń tọ́jú nígbà náà wá sí ilé wa ní alẹ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó yege dáradára nínú ìdánwò, ti yàn láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi àti ẹja ní Yunifásítì Èkó ní Akoka. Oníṣègùn ni baba náà ti ń retí. Ó ní, "Baba, ẹ gbà mí. Láti kékeré ni mo ti ń san owó ilé-ìwé ọmọ yìí. Ṣé ẹja ni yóò wá máa kà?" Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ni à ń kà, iye nǹkan ni à ń kà pẹ̀lú. Baba náà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gún ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí a sọ òtítọ́, a kò mọ èsì tí a ó fún un. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a fi wádìí. Ìwádìí náà gbà wá ju ọ̀sẹ̀ lọ, ó gba ọdún, nítorí bí a ti ń wọ inú rẹ̀ ni ó ń jìn sí i. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a gbé wá síwájú yín.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba orí afárá gígùn tí à ń pè ní Third Mainland kọjá, èyí tí a parí ní ọdún 1990, ti fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo ọ̀ràn yìí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun rí i. Bí a bá ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀, a óò kọ́kọ́ kan Okobaba ní Ebute Metta, níbi tí àwọn oníṣẹ́ pákó ti la igi gẹdú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìyẹ̀fun igi sì ń bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Makoko, níbi tí àwọn Ògù àti àwọn Ìlàjẹ ti kọ́ ilé sí orí òpó láàárín omi láti ìgbà àwọn baba wọn, tí àwọn ọkùnrin wọn ń pẹja, tí àwọn obìnrin wọn sì ń yan án. Bí ọkọ̀ bá ti sáré díẹ̀ sí i, a óò rí àwọn ilé gíga Yunifásítì Èkó ní Akoka, tí wọ́n dúró sí etí omi kan náà. Irú àwọn ènìyàn méjì tí wọ́n mọ ẹja jù ní gbogbo ilẹ̀ wa ni wọ́n kọjú sí ara wọn níbẹ̀: àwọn tí ń mú un, àti àwọn tí ń kà á. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kò ní pẹ́ kí ó tó ti ọ̀dọ̀ àwọn kan dé ọ̀dọ̀ àwọn kejì. Bí ọ̀rọ̀ ti ń pẹ́ tó kí ó tó kọjá láàárín wọn ni ó kó wa láyà sókè.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa omi náà. Ọsà Èkó fẹ̀ tó 208 kìlómítà ní ìbú àti òró, ṣùgbọ́n kò jìn. Yàtọ̀ sí ibi tí a gbẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè gbà á, ọ̀pọ̀ ibi ni ọkùnrin gíga lè dúró sí nínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ yọ. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa da omi dídùn sínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu ọsà wọlé, iyọ̀ yóò sì padà. Bí omi ti ń yí ni ẹja ń yí. Àwọn baba wa ti mọ èyí kí ilé-ìwé kankan tó dé, nítorí àwọn ni wọ́n ní omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ inú rẹ̀. À ń pa òwe yìí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa oyè àti ìṣèlú, a sì ti gbàgbé pé ẹnìkan dúró létí omi kí ó tó rí i sọ.

Nígbà tí a wà ní èwe ní Ebute Metta, ìyá wa a máa rán wa lọ sí ọjà Oyingbo lọ ra ẹja. A rántí ọ̀bọ̀kún tí ìrù rẹ̀ ń yọ jáde láti inú agbọ̀n. A rántí pé orí kan ṣoṣo tó ìkòkò ọbẹ̀ kan. Lónìí, bí ẹ bá rìn yí ọjà Mushin ká, ẹja inú yìnyín tí ọkọ̀ òkun gbé wá láti ọ̀nà jíjìn ni ẹ óò rí jù, èyí tí ó sì jẹ́ ti ọsà, kékeré ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. A sọ èyí fún ọ̀mọ̀wé kan tí a lọ bá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, a sì rò pé yóò yìn wá. Ó bi wá léèrè pé, báwo ni ọ̀bọ̀kún náà ti gùn tó? A na ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Alàgbà, nígbà náà ẹ kéré. Ohun gbogbo ni ó tóbi lójú ọmọdé." Ojú tì wá díẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó sọ. Ìrántí kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọkàn ohun tí a wá sọ. Ọ̀mọ̀wé Daniel Pauly, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ní gbogbo ayé, kọ ìwé kékeré kan ní ọdún 1995, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé ìran kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń gbà pé iye ẹja tí òun bá ní ìgbà èwe òun ni iye tí ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá dín díẹ̀ ní ìgbà ayé wọn, wọn a kédàárò díẹ̀ náà, wọn a sì kú. Àwọn ọmọ wọn a bẹ̀rẹ̀ láti inú èyí tí ó ti dín, wọn a pè é ní ẹ̀kún rẹ́rẹ́. Báyìí ni ọrọ̀ ńlá ṣe ń tán láìsí ìran kan tí ó rí i pé ó tán. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ariwo. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè dúró ní ọ̀nà irú àdánù bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ẹnìkan ti kọ iye rẹ̀ sí ṣáájú wa, tí ẹlòmíràn yóò sì kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo ọmọ ilé-ìwé kan tí ó fi òpó ìwọ̀n wọn ẹja lórí pákó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí a má ṣe rò pé eré ni ó ń ṣe. Ìrántí ni ó ń ṣe fún gbogbo wa.

Àwọn wo ni wọ́n ti ń ka ẹja ọsà tiwa? Àwọn Àwórì ti ń pẹja nínú omi yìí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní Lagos, ṣùgbọ́n kíkọ rẹ̀ sínú ìwé kò tí ì pẹ́. Ní ọdún 1941, nígbà tí ogun àgbáyé ń jà lọ́wọ́, ni ìjọba àwọn òyìnbó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹja lábẹ́ iléeṣẹ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn tí a ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ní Ìbàdàn ní 1948, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. E. Webb, tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko níbẹ̀, wá ṣe iṣẹ́ pípẹ́ lórí ọsà yìí: ìjìn rẹ̀, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀, àti ẹ̀dá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní egungun, tí ń ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ní Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1958. A dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko, ni ó jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni C. I. O. Olaniyan àti S. O. Fagade ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹja ọsà ní oṣù dé oṣù. Ní 1972 wọ́n tẹ ìwé jáde nípa ìgbésí ayé bọ́ńgà. Ní 1973 nípa ohun tí ẹja kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ní 1974 nípa èyí tí ń wá ní ẹ̀ẹ̀rùn àti èyí tí ń wá ní òjò. Ní 1973 kan náà ni Kola Kusemiju gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Akoka fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ọ̀bọ̀kún ọsà Lekki. Nígbà tí ewé orí omi tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò ya wọ inú omi Badagry láti ìhà ilẹ̀ Benin ní 1984, tí ó sì bo ojú omi tí ọkọ̀ kò lè kọjá, òun wà lára àwọn tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ wọn wá ọ̀nà àtikápá rẹ̀. Ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí òkun sílẹ̀ ní Victoria Island. Àwọn mìíràn wà tí a kò lè ka orúkọ wọn tán ní alẹ́ kan.

Ẹ ó béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe gan-an. A bá wọn lọ, a sì rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á lọ dúró ní èbúté de àwọn apẹja. Á ra díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n mú, tàbí kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ó wọ̀n ọ́n kí àwọn alájàpá tó kó o lọ. Á wọn gígùn rẹ̀, á wọn ìwúwo rẹ̀, á la inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ẹyin rẹ̀ ti gbó, àti ohun tí ó jẹ kẹ́yìn. Nígbà mìíràn á ka ẹyin náà, bẹ́ẹ̀ ni, ní ẹyọ ní ẹyọ, lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Á ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù 12 tàbí 24, nítorí ẹni tí ó bá wo ọsà ní ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò tí ì rí ọsà. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Ìyá ọmọbìnrin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sọ fún wa pé òun ya ọṣẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Mímọ ọjọ́ orí ẹja ni ó ṣòro jù. Nínú orí ẹja ni òkúta kékeré kan wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ẹja a máa dàgbà kíákíá nígbà ooru, a sì máa falẹ̀ nígbà òtútù, òkúta náà a sì ní òrùka kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, bí igi ti ń ṣe. Kí ẹnìkan kàn ka òrùka ni, ó mọ ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n àwa kò ní ìgbà òtútù bẹ́ẹ̀, òrùka inú òkúta ẹja wa kì í sì hàn kedere. Kí ni a ó ṣe? Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Johannes Petersen, ti rí ọ̀nà kan ní nǹkan bí ọdún 1890. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ ilé-ìwé wa tí a tò sí pápá láìsọ kíláàsì wọn. Bí a bá wọn gíga gbogbo wọn, a óò rí i pé wọ́n kó ara wọn jọ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ àwọn ọlọ́dún mẹ́fà, ọ̀wọ́ àwọn ọlọ́dún méje, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja tí a bí ní ìgbà kan náà ní ẹgbẹ́ bí ènìyàn ti ní ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá wọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja ní oṣù kan, tí ó tún wọ̀n ní oṣù kejì, yóò rí ẹgbẹ́ náà bí ó ti ń rìn lọ síwájú, yóò sì mọ bí wọ́n ti ń yára dàgbà tó. Pauly tí a dárúkọ lókè ni ó fi kọ̀ǹpútà sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí ó rọrùn fún àwọn ilẹ̀ olóoru, ní nǹkan bí 1980. A sì láyọ̀ láti sọ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, ọsà kékeré kan ní Gánà, Sakumo, ni ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lára, lórí ẹ̀pìà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀pìà yìí, nítorí ó wà nínú ọsà tiwa náà, a sì ti jẹ ẹ́ láìmọ ẹni tí à ń jẹ. Nígbà tí abo rẹ̀ bá yé ẹyin, akọ ni yóò kó o sí ẹnu. Bàbá ni, kì í ṣe ìyá. Yóò gbé e sí ẹnu fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí àwọn ọmọ yóò fi yọ tí wọ́n yóò sì lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Ní gbogbo ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Nígbà tí a gbọ́ èyí, a wo ọmọ ìjọ wa tí ó wá bá wa ní alẹ́ náà lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí fún apẹja. Ẹ̀pìà kì í yé ẹyin tí ó pọ̀ bí ti bọ́ńgà. Bí àwọ̀n bá gbé bàbá kan tí ẹnu rẹ̀ kún, kì í ṣe ẹja kan ni ó gbé. Ilé kan ni ó kó. Ẹni tí kò bá ka ẹja kò lè mọ èyí, nítorí nínú agbọ̀n, ẹja kan ni yóò rí.

Láti inú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òfin ojú àwọ̀n ti jáde. Ní 1957, àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì méjì, Beverton àti Holt, kọ ìwé ńlá kan tí ó fi ìṣirò dáhùn ìbéèrè tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀: nígbà wo ni kí a kórè? Ẹni tí ó bá ya àgbàdo rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ irun yóò jẹ, ṣùgbọ́n kò ní yó. Ẹni tí ó bá dúró pẹ́ jù, ẹyẹ àti kòkòrò yóò bá a pín in. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja rí: kékeré rẹ̀ kò ní ìwúwo, àgbà rẹ̀ sì ń kú fúnra rẹ̀. Láàárín méjèèjì ni ìwọ̀n kan wà tí ó dára jù, ojú àwọ̀n ni a sì fi ń yàn án. Òfin ẹja òkun ti ilẹ̀ wa, èyí tí a ṣe ní 1992, àti àwọn ìlànà tí ó bá a rìn, sọ pé kí ìdí àwọ̀n ọkọ̀ ńlá tí ń pẹja má ṣe ní ojú tí ó kéré ju mìlímítà 76 lọ, mìlímítà 44 fún àwọn tí ń mú edé. Wọn kò sì gbọdọ̀ pẹja ní ibi tí kò tó máìlì òkun 5 sí etíkun, nítorí ti àwọn ọlọ́kọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni ibẹ̀. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n bi apẹja etíkun èyíkéyìí léèrè bóyá àwọn ọkọ̀ ńlá kì í wá sí itòsí ní òru, kí o sì wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń dá ọ lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a wá gbé àwọn ọ̀mọ̀wé ga bí ẹni pé wọn kì í ṣìnà. Ní 1883, ní Lọ́ńdọ́nù, T. H. Huxley, tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà, dúró níwájú àwọn ènìyàn, ó sì sọ pé ó jọ pé àwọn ẹja ńlá inú òkun kò lè tán láé, ohunkóhun tí ènìyàn ìbáà ṣe. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Newfoundland ní ilẹ̀ Kánádà. Ẹja kọ́ọ̀dù ibẹ̀ ti bọ́ àwọn ará Yúróòpù fún nǹkan bí 500 ọdún. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn ọkọ̀ tí ó ní ilé yìnyín nínú bẹ̀rẹ̀ sí kó o lọ́sàn-án àti lóru. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré etíkun ń ké pé ẹja ń dín, pé èyí tí àwọn ń mú ti kéré jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọba, tí wọ́n gbẹ́kẹ̀lé ìṣirò tí a mú wá láti inú ọkọ̀ ńlá, sọ pé kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá mọ ibi tí ìyókù kó jọ sí, ó sì ń rí i mú títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1992, ìjọba ti òkun náà pa. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rò pé ọdún méjì ni yóò jẹ́. Ọdún 32 ni ó gbà kí ìjọba tó fọwọ́ sí i ní 2024 pé kí a tún bẹ̀rẹ̀ sí pẹja náà fún títà ní ìwọ̀nba. Níbẹ̀ ìṣirò wà, ẹkún wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣírò kò gbọ́ ti àwọn tí ń sunkún.

Èyí mú wa padà sí etí omi tiwa. A sọ pé Fagade àti Olaniyan tẹ ìwé wọn nípa ẹja ọsà Èkó jáde ní 1974. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́? Ní Dakar, nínú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn ti 1972 àti 1973, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. A kò dá wọn lẹ́bi. Bí ọ̀mọ̀wé kò bá tẹ̀wé síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti rí i tí wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní di ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá kò sì ní dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹja tí a mú ní ojú àwọn ará Makoko lọ sí Dakar, ó lọ sí Lọ́ńdọ́nù, kò sì padà dé Makoko. Àwọn tí ń sọ èdè Ògù àti Yorùbá nínú ọkọ̀ wọn kò rí ojú ìwé kan níbẹ̀ tí a kọ sí wọn. Bí a bá sì wá bá wọn pẹ̀lú òfin lẹ́yìn náà, tí a ní kí wọn sọ àwọ̀n wọn nù, ta ni yóò yà lẹ́nu bí wọn kò bá gbọ́? Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìwé tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn kíákíá ni èyí tí ó fún wọn ní wákàtí 72 kí wọn kó jáde kúrò nínú ilé orí omi wọn, tí a sì wó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lulẹ̀. Àwọn tí a ti bá sọ̀rọ̀ báyìí kì í tètè fetí sí ohùn kejì.

A gbọdọ̀ sọ èyí pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wa nínú. Kì í ṣe àwọ̀n nìkan ni ó ń pa ẹja. Omi gọ́tà Mushin, ti Surulere, ti Yaba, ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ni ó ń ṣàn lọ, ọsà sì ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó tí a fi ilé wa kàn, iyanrìn tí a fà jáde láti fi kọ́ ilé wa, ẹ̀gbà tí a gé ní etí omi níbi tí àwọn ọmọ ẹja ti ń sá pamọ́: apẹja kọ́ ni ó ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹni tí ń gbé ní ilé alájà mẹ́ta ní Surulere, tí ó ń dá apẹja Makoko lẹ́bi nítorí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ ń da ohun inú rẹ̀ sí.

Ọ̀nà mìíràn wà ju kí a kàn máa kọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ní ilẹ̀ Benin, ní adágún Nokoué níbi tí ìlú Ganvié wà lórí omi, àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ ẹrẹ̀ ní ibi fífẹ̀. Ewé omi a hù sára igi náà, ẹja a wá jẹ ẹ́, a wá sá pamọ́ síbẹ̀, a sì yé ẹyin síbẹ̀. Akájà ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní ọsà tiwa náà. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Welcomme wọn ìkórè rẹ̀ ní Benin, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1972 pé ó pọ̀ ju ti omi tí kò ní igi lọ púpọ̀. Ó ní àléébù tirẹ̀: igi tí a ń gé fún un kì í ṣe díẹ̀, ẹni tí ó lówó sì lè fi gba omi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé àwọn apẹja ni wọ́n rò ó, ọ̀mọ̀wé ni ó wọ̀n ọ́n. Bí a ti fẹ́ kí ó rí nìyẹn.

Ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà já sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ oyè kejì. Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti jẹ nínú ọdún rẹ̀. Owó epo ọkọ̀ àti owó ẹja tí ó ń rà fún ìwọ̀n, àpò ara rẹ̀ ni ó ti ń yọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọrọ̀, kí ó má ṣe gba ibẹ̀ lọ, a kò ní tan yín jẹ. Baba rẹ̀ kò tí ì fi bẹ́ẹ̀ dunnú títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a bá ọmọ náà lọ sí èbúté, òun ni ó gbé òṣùwọ̀n náà sínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ó wà wá dé ibẹ̀, tí ó sì jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú fèrèsé ní títì nítorí òórùn.

Apẹja àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ó ti mọ ọmọ náà. Ó ń pè é ní "ìyàwó mi", bí àwọn àgbà ti ń ṣe àwàdà. Ní ọjọ́ náà ó ní kí ó ka ohun tí ó kọ ní oṣù kan náà ní ọdún tí ó kọjá fún òun. Ọmọ náà ṣí ìwé, ó kà á ní Yorùbá: bọ́ńgà mélòó, gígùn wọn, mélòó nínú wọn ni kò tí ì yé ẹyin rí. Ó sì ka ti ọdún yìí tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ wọn ọ̀kan nínú agbọ̀n tirẹ̀, ó tún wọn òmíràn. Kò bá a jiyàn. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ kí ọmọ náà tó dé. Lẹ́yìn náà ni ó bi í pé, "Ìyàwó mi, bí mo bá fi àwọn kéékèèké yìí sílẹ̀ lónìí, tí ẹni ẹ̀yìn mi sì kó wọn lọ́la, kí ni mo jèrè? Àwọn ọmọ mi ńkọ́, kí ni wọn yóò jẹ ní alẹ́?"

Ó wo ọ̀dọ̀ wa, bóyá ó rò pé àlùfáà yóò ní èsì. A kò ní. Ọmọ náà sọ fún un pé òun kò tí ì mọ̀ ọ́n, ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ ìbéèrè náà síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, bí ó ti ń kọ ti ẹja.